Ẹ Bi Àǹtí Lọ́yà: Wọ́n ní kí n sáìn kí n tó gba owó mi

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Sítọ́kípà ni mí ní kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe omi àti jíúsì ní Adó-Èkìtì níbí, mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ńbẹ̀, ₦95,000 lowó oṣù mi. Wọ́n ní ọjà ò lọ mọ́, àwọn fẹ́ dín èèyàn kù, ni wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé ìwé ojú ewé mẹ́ta síwájú mi pé kí n sáìn, pé wọ́n á fún mi ní ₦300,000, mi ò sì gbọ́dọ̀ bá wọn fa nǹkan kan mọ́ láéláé. Wọ́n jẹ mí lówó oṣù méjì, líìfù ọdún tó kọjá wọn ò jẹ́ n lọ, nótíìsì náà ò sí. HR ní tó bá fi di Fúráídè tí mi ò sáìn, owó ti lọ nìyẹn. Mo ní kí n fi han lọ́yà, ó ní ṣebí lọ́yà kọ́ńpìnnì wà ńlẹ̀, á ṣàlàyé fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London wá ń pariwo lórí fóònù pé kọ́ńpìnnì ló ń sanwó lọ́yà fún òṣìṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?
Sítọ́kípà, Ìjìgbò, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì sáìn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́, òfin ibi tó wà ló ń sọ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn, òfin iṣẹ́ wọn ti 1996 ní irú ìwé báyìí ò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tí ẹnì kan tó mọ òfin, tí kì í ṣe èèyàn kọ́ńpìnnì, bá ti gbà á nímọ̀ràn, kí wọ́n sì dárúkọ onítọ̀hún sínú ìwé. Ìyẹn làwọn kọ́ńpìnnì ibẹ̀ ṣe máa ń dá sí owó lọ́yà. Kò sírú ẹ̀ nínú òfin iṣẹ́ tiwa. Tó o bá sáìn níbí láìbi ẹnikẹ́ni, o ti sáìn nìyẹn, tó o bá dé kóòtù tó o ní o ò kà á, wọ́n á bi ẹ́ pé ta ló dì ẹ́ lójú. Àfi tó o bá lè fi hàn pé wọ́n tàn ẹ́ tàbí wọ́n fipá mú ẹ, ìyẹn ò sì rọrùn.

Ó yá, mú kakulétọ̀. Labour Act, òfin iṣẹ́ tiwa yẹn, ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún sókè, nótíìsì oṣù kan ló tọ́ sí i (òfin yẹn kì í ṣe ti mánéjà o, òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló wà fún, ó sì jọ pé iṣẹ́ tìẹ bọ́ sínú ẹ̀). Tí nótíìsì ò bá sí, kí wọ́n san oṣù kan dípò, ₦95,000. Oṣù méjì tí wọ́n jẹ ẹ́, ₦190,000. Ó di ₦285,000. Líìfù, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún pẹ̀lú owó, tá a bá pín owó oṣù ẹ sí ọjọ́ 26, ọjọ́ mẹ́fà á lé ní ₦21,000. Àpapọ̀ ẹ̀ ti kọjá ₦306,000! ₦300,000 tí wọ́n ń nà sí ẹ bí ẹni ń ṣe ẹ́ lóore ò tiẹ̀ tó gbèsè ọrùn wọn, kọ́bọ̀ kan ò sí ńbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ gan-an lò ń bun kọ́ńpìnnì lówó. Nǹkan tí mo fẹ́ kó o gbé lọ sọ́dọ̀ lọ́yà nìyẹn: ya owó tó jẹ́ tìẹ tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀, kó o wá bi wọ́n pé èló lẹ fẹ́ san kí n tó gbà pé mi ò ní pẹjọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń dín èèyàn kù, òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú yín, kí wọ́n gbìyànjú láti jọ dúnàádúrà owó tí ẹni tó ń lọ máa gbà, àti pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ẹni tó mọṣẹ́ jù. Àwọn wo ló dé lẹ́yìn ẹ tí wọ́n ṣì wà ńbẹ̀? Kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Pẹ́ńṣàn, má jẹ́ kí wọ́n pò ó mọ́ ọn. Kọ́ńpìnnì tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní kí wọ́n máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ, kí tìẹ jẹ́ 8. Pe àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn ẹ, ní kí wọ́n fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́, torí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n á yọ ọ́ lówó oṣù tí kò ní débẹ̀.

Bó o ṣe jẹ́ sítọ́kípà yìí, ibi tẹ́rù ń bà mí jù nìyí. Wò ó bóyá ìwé yẹn ní ìwọ ò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ àmọ́ àwọn lè pè ẹ́. Lóṣù mẹ́ta sígbà yẹn wọ́n á ní páálí jíúsì kan dín, wọ́n á lọ bá ẹni tó dúró fún ẹ nígbà tó o gbaṣẹ́. Ní kí ẹ jọ ka ọjà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún tòsì sáìn, kí wọ́n dá ìwé onídùúró ẹ padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn náà ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan mọ́. Wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ìwọ lo fúnra ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọjọ́ tí owó máa wọlé wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, "láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́.

Lọ́yà kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì ló ń sanwó fún un, kódà kó jẹ́ ọmọlúàbí, iṣẹ́ ẹni tó gbà á ló ń ṣe. Wá tìẹ, ẹni tó máa ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́, torí irú ẹjọ́ yìí, National Industrial Court ló ń gbọ́ ọ, wọ́n wà ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ gbọ́ mi. Owó kó bá ẹ ka ìwé kó sì kọ lẹ́tà kan kéré púpọ̀ sí ti ẹjọ́, ẹ sọ iye ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹ, péésílíìpù, sítétímẹ́ǹtì báńkì àti ìwé tí wọ́n fún ẹ dání. Tí wọn ò bá jẹ́ kó o mú un kúrò ní ọ́fíìsì, ní kí wọ́n jẹ́ kó o yà á ní fọ́tò, tí wọ́n bá kọ ìyẹn náà, o ti mọ irú ìwé tó jẹ́.

Ti Fúráídè yẹn, kọ lẹ́tà kékeré lónìí: mo ti rí ìwé yín, mò ń fi han lọ́yà mi, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san owó oṣù tí ẹ jẹ mí ná. Fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì kó lè ní àkọsílẹ̀. Wọ́n lè bínú lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ lè kó owó wọn padà, àmọ́ gbèsè ò tìtorí ìyẹn kúrò lọ́rùn wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Àǹtí, màmá mi ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n wá ní kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé kan. Wọn ò mọ̀wé. Ṣé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́?

ÌDÁHÙN: Kí màmá má tẹ ohunkóhun tí ìwọ tàbí ẹni tí wọ́n fọkàn tán ò tíì kà fún wọn ní Yorùbá láti òkè délẹ̀. Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá wọn kọ̀wé lórúkọ wọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiẹ̀ síbẹ̀. Béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ilé ìwé náà. Tí owó lọ́yà bá nira, Legal Aid Council ti ìjọba wà ní Adó, fún àwọn tówó wọn ò tó ló wà, lọ béèrè bóyá wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ náà, mú màmá dání torí wọ́n á fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.