Kọ̀ǹpútà tó máa rí wifi yunifásítì gbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin gba báàkì, ó ń lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, mo sì ti tọ́jú 200.000 sẹ́fà fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra àlòkù kan, ó dáa lójú, àmọ́ tó bá ti dé iléèwé, fóònù àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á máa rí wifi gbà, tiẹ̀ á kàn máa yí. Kí ni kí n wò kí n má baà da owó mi sómi? — Ìyá ọmọ kan, Kétu

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọmọ. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ṣe èmi náà nígbà tí mo ra àlòkù fún àbúrò mi níbí ní Àjàṣẹ́, mo wo ojú ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò tiẹ̀ rántí wifi, nílé ó ń gbà á dáadáa, ó dé iléèwé ó kọ̀.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà méjì ni wifi sábà máa ń gbà, 2.4 GHz àti 5 GHz. 2.4 yẹn ló ń lọ jìnnà tó sì ń la ògiri kọjá, àmọ́ ipa ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀ tí kì í kọlu ara wọn, ẹ wá ro ti iye fóònù tó máa wà nínú àǹfì kan ṣoṣo, ìyẹn gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àfi bí ìgbà táwọn ọlọ́kadà zémidjan bá dí ọjà Wàndó pa lọ́jọ́ ọjà. 5 GHz ní ipa ọ̀nà tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kọ̀ǹpútà tí ò bá mọ̀ ju 2.4 lọ á máa bá èrò jà ṣáá ni.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ọmọ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kó kọ cmd, kó tẹ Enter, kó wá kọ netsh wlan show drivers, kó tún tẹ Enter. Tó bá rí 802.11ac tàbí 802.11ax níbẹ̀, ó dáa, ó ń gba 5 GHz nìyẹn. Tó bá jẹ́ b, g àti n nìkan, ẹ̀rù ń bà mí, 2.4 nìkan ló sábà máa ń jẹ́. Kó wo WPA2-Entreprise níbẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í lo ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kan fún gbogbo èèyàn, kálukú ló ń fi orúkọ àti kóòdù tiẹ̀ wọlé. Déètì ẹ̀ ńkọ́? Àlòkù tí bátìrì kékeré inú ẹ̀ ti kú máa ń gbàgbé ọjọ́, tí déètì ò bá sì tọ̀nà, irú wifi yẹn lè má gbà á wọlé rárá, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ò lè gbé Windows 11 fún yín o, torí Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti 14 oṣù kẹwàá 2025. Tó bá jẹ́ pé Intel ló ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà (processeur), ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ. RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB, SSD (ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí) 256 GB, ó tó o.

Àwọn àlòkù tó wá láti ilé iṣẹ́ òyìnbó, òmíì ṣì wà lábẹ́ àṣẹ ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́ lójú yín kó sì tún un tàn, tó bá béèrè kóòdù ilé iṣẹ́ kankan, ẹ máa lọ.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kó má tíì tà á o. Wọ́n ń ta wifi kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, kó ra èyí tó ń gba 5 GHz, ìyẹn lè tó o.