Omi kànga wa ní Ajah ti di oníyọ̀: ṣé ká gbẹ́ ẹ jìn sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kubwa la ń gbé níbí l'Abuja, ṣùgbọ́n a kọ́ ilé sí Ajah l'Ékòó, ayálégbé mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń pè mí pé omi kànga dẹ̀rọ ti níyọ̀ lẹ́nu, ọṣẹ ò hó mọ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní ká tún fi mítà 30 kún un. Ọkọ mi fara mọ́ ọn, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ti Kubwa tómi fi pọ̀. Ṣé ká sanwó? (Ìyá Tọ́lá)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá Tọ́lá. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọkọ yín ò ṣìnà lórí ti Kubwa, àmọ́ ilẹ̀ Kubwa kọ́ ni ilẹ̀ Ajah.

Orí àpáta la wà níbí. Inú ibi tí àpáta ti là ni omi sá pamọ́ sí, ẹni tó bá gbẹ́ jìn lè bá ojú là mìíràn pàdé. Bí a bá fa omi jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, kóówá á sì mọ̀ pé omi ti tán. Ti Ajah ò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Kànga ibẹ̀ kì í sábà gbẹ. Omi mìíràn ló ń wá gba àyè èyí tí ẹ fà.

Ẹ wo epo pupa lórí omi. Omi òjò tó wọlẹ̀ fúyẹ́ ju omi òkun lọ, ó sì léfòó lé e nínú iyanrìn (àwọn méjèèjì yìí máa ń pò díẹ̀ ní tiwọn níbi tí wọ́n ti pàdé). Badon Ghijben, ará Netherlands, àti Herzberg, ará Jámánì, ló ṣírò rẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn: bí ojú omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, bíi mítà 40 omi dídùn ló máa wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ọrọ̀ ńlá nìyẹn, àbí? Ẹ wá yí i padà. Mítà 1 tí ẹ bá fà lọ lókè, omi oníyọ̀ lè fi mítà 40 gòkè bọ̀, bí kò tilẹ̀ ní í ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹ sì rántí pé gbogbo àdúgbò ló ń fà. Lítà 2 omi òkun nínú lítà 98 omi dídùn ti tó láti gbé chloride rẹ̀ (apá kan nínú iyọ̀) kọjá 250 mílígíráámù ní lítà kan, ibi tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti fi ààlà sí.

Ẹ ní kí ayálégbé kan ra ẹ̀rọ TDS, èyí tó ń wọn iye iyọ̀ àti nǹkan mìíràn tó yọ́ sínú omi, tó sì rí bíi báírò. Kí wọ́n má tan pọ́ǹpù mọ́jú. Láàárọ̀, kí wọ́n tàn án, kí wọ́n gba omi lẹ́nu páìpù kànga, kì í ṣe nínú táǹkì, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 2, kí wọ́n tún gbà á. Bí iye náà bá ń gòkè, pọ́ǹpù yín ló ń fa iyọ̀ wá láti ìsàlẹ̀, gbígbẹ́ jìn á kàn sún yín mọ́ ọn ni. Ẹ gbé pọ́ǹpù sókè, ẹ lo èyí tí agbára rẹ̀ kéré, kí wọ́n máa fà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ dípò kí wọ́n fa omi kún táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ga láàárọ̀ tó wá ń lọ sílẹ̀, ẹ fura sí páìpù tó ti bẹ́ lókè, tí omi oníyọ̀ ń gbà jò wọlé. Bó bá ga tí kò yí padà, iyọ̀ ti gba ibẹ̀ nìyẹn.

Èmi ò sọ pé gbígbẹ́ jìn kì í ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Láwọn ibì kan, omi dídùn wà lábẹ́ amọ̀ tó nípọn, nísàlẹ̀ èyí tó níyọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lu amọ̀ yẹn tí wọn ò fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù dáadáa, ẹ ti lànà fún iyọ̀ láti òkè.

Kí wọ́n má sè é mu o. Obìnrin tó ti gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná rí mọ̀ pé bí omi ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ń le sí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín wọn, kó wá omi mímu síbòmíràn ní báyìí.

Kí ẹ tó bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ owó, ẹ béèrè ìwé tó kọ nígbà tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́: mítà mélòó ló ti bá amọ̀, ibo ló ri páìpù oníhò, èyí tí omi ń gbà wọlé, sí? Bí kò bá ní in, ẹ wá ẹlòmíràn.