Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ gbé lọ sórí hi-hat

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bi wá ìdí tí ìlù tí Steve Gadd, onílù sítúdíò ará Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ orin Paul Simon, "50 Ways to Leave Your Lover", ò fi jáde lọ́wọ́ yín. Ohun tó fà á ni pé ẹ ṣì ń gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí òsì lọ bá hi-hat, ìyẹn páànù méjì tó dojú kọ ara wọn, tí ẹsẹ̀ máa ń ṣí tó sì máa ń pa dé. Òsì ni kẹ́ ẹ fi lu hi-hat, kí ọ̀tún wà lórí snare, ìlù tó wà níwájú yín gan-an. Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún o, ọlọ́wọ́ òsì á yí i padà.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì lù ú lórí snare nìkan, jẹ́jẹ́, bíi ti ṣọ́jà tó ń máàṣì.
2. Ẹ wá gbé òsì lọ sórí hi-hat.
3. Ẹsẹ̀ òsì ló kẹ́yìn: kó ṣí hi-hat díẹ̀, kó sì pa á dé kíá.

Ìlù máàṣì yẹn ti wà lára Gadd tipẹ́: agbègbè Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n bí i sí ní 1945, ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ orin Eastman, ó sì lùlù nínú báńdì ṣọ́jà Amẹ́ríkà kó tó wá di ẹni tí gbogbo sítúdíò New York ń wá.

Ẹ tún bi wá bóyá onílù sítúdíò gbọ́dọ̀ mọ ìwé orin kà. Tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ tí Gadd ṣe lẹ fẹ́, ẹ kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ "Aja" ti Steely Dan, 1977, bí ìlù Gadd ṣe ń ru gùdù lábẹ́ saxophone Wayne Shorter síbẹ̀ tí orin ò dàrú, ó máa ń wú mi lórí gan-an.