Wọ́n gba inhaler lọ́wọ́ ọmọ mi ní iléèwé, kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tá a dé Maryland, ní Amẹ́ríkà, láti Ìbàdàn, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, sì ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lánàá ó jí, ó ní orí ń fọ́ òun, mo bá fi Panadol méjì sínú báàgì ẹ̀ pé kó lò ó tó bá jẹun ọ̀sán tán. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti pè mí pé àwọn ti gba oògùn náà, wọ́n tún gba inhaler ẹ̀, ọmọ tó ti ní ikọ́ fée láti kékeré! Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Ṣé wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣe ọmọ mi ní jàǹbá ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ewu ìrìnàjò. Kó tó di ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, orí fífọ́ yẹn ni mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tó? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà, tí orí ń fọ́, tí ara ẹ̀ bá tún gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún wọn pé Nàìjíríà lẹ ti dé kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún malaria, torí ọ̀pọ̀ dókítà níbí kì í rí malaria, flu ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹ má fi ìyẹn falẹ̀ rárá.

Ó dáa, inhaler. Kì í ṣe torí pé wọn ò fẹ́ kó lò ó ni wọ́n ṣe gbà á. Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní òfin tó gbà kí ọmọ tó ní ikọ́ fée mú inhaler ẹ̀ dání kó sì lò ó fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún yín, ló máa ṣáájú, dókítà á kọ ọ́, òbí á fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì iléèwé náà á sì wò ó bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n lò. Ìwé yẹn la fi ń ṣiṣẹ́. Láìsí i, nọ́ọ̀sì ò ní àṣẹ láti fún ọmọ yín ní oògùn tẹ́ ẹ kó wá, ì báà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà lórí fóònù tẹ́ ẹ ń bẹ̀ ẹ́.

Tó bá ṣe tèmi, ọmọ ọdún méje, mo fẹ́ kí inhaler ẹ̀ wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe nínú báàgì. Mò ń rí wọn lójoojúmọ́: ọmọ á yanu, á tẹ̀ ẹ́, oògùn á fọ́n sórí ahọ́n, èéfín funfun á sì tún gba ẹnu jáde, kò sí èyí tó dé ẹ̀dọ̀fóró, òun á sì ní òun ti lò ó. Ẹ sọ fún dókítà kó fún yín ní spacer, ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sí ẹnu inhaler. Ẹ gbọn inhaler dáadáa, kí ọmọ mí síta, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó fà á sínú díẹ̀díẹ̀, kó sé èémí tó bí ẹni ka oókan dé ẹẹ́wàá. Tó bá máa tún un ṣe, ẹ ní sùúrù fún bíi ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà, tó bá ti di òdo, oògùn ti tán bó tilẹ̀ ṣì ń fọ́n nǹkan jáde. Ẹ sì bèèrè fún Asthma Action Plan, ìwé tó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, òun ló máa sọ fún iléèwé ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tó bá ń wú ikọ́ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ti Panadol yẹn, mi ò bá yín wí o, ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Hóró kan nínú Panadol àgbàlagbà jẹ́ 500 mg. Ìwọ̀n ara la fi ń ṣe ti ọmọdé, 10 sí 15 mg fún kílò kan. Tí tiyín bá wọn kílò 23, ohun tó yẹ kó lò lẹ́ẹ̀kan ò ju 345 lọ, méjì tẹ́ ẹ sì fi sí báàgì jẹ́ 1,000. Tẹ́ ẹ bá tún ti fún un ní díẹ̀ nílé kó tó jáde ńkọ́? Tẹ́lòmíì bá tún fún un ní Tylenol, bí wọ́n ṣe ń pe Panadol níbí, oògùn kan náà ni, tó bá sì ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ó tún lè fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ọ̀kan nídìí oúnjẹ, ọmọdé ṣáà ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọ níbí, torí inhaler tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé, tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì fámásì tó ní orúkọ ọmọ, wọn ò ní gbà á. Ẹ ní kó kọ inhaler méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún iléèwé, ẹ má sì ju páálí ẹ̀ nù, ara páálí ni wọ́n sábà máa ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́! Oògùn téèyàn ń rà láìsí ìwé dókítà náà, ọ̀pọ̀ iléèwé ní Maryland ṣì máa bèèrè fún ìbuwọ́lùwé dókítà. Ẹ̀yin tàbí àgbàlagbà mìíràn lẹ máa gbé e lọ, kì í ṣe ọmọ. Ọdọọdún lẹ máa tún fọ́ọ̀mù ṣe. Tí ọdún iléèwé bá ti ń parí, ẹ lọ kó oògùn yín, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á dà á nù. Àgbo ńkọ́? Ẹ má bu ú sínú ike omi ẹ̀ rárá, jọ̀ọ́.

Àti pé tí ara ẹ̀ bá gbóná dé 100.4°F, ìyẹn 38°C tiwa, ilé ló máa wà títí wákàtí 24 á fi kọjá tí ara ti tutù láìlo oògùn ibà.

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ẹ̀yin fúnra yín lè lọ sí iléèwé lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ dé ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ, kẹ́ ẹ fún un ní inhaler ẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì. Ẹ pe nọ́ọ̀sì yẹn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bi í pé kí ni wọ́n máa ṣe tí ikọ́ bá gbé e kí ìwé tó dé, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà èèyàn méjì sílẹ̀ tó lè gbé fóònù nígbàkigbà.