Kì í ṣe èéfín dúdú ni mítéènì: ìdáhùn sí àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú. Igi la fi ń se omi tí a fi ń yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ. Ọkùnrin kan wá bá wa, ó ní èéfín dúdú ìdí ààrò wa ni wọ́n ń pè ní mítéènì, àti pé ìjọba ti ń wá àwọn tó ń tú u síta. Ó ní ìyẹ̀fun kan wà tí a ó máa bù sínú iná láti fi pa á. Bí a ò bá lówó ìyẹ̀fun, ó ní ká máa lo èédú, nítorí èédú kì í rú èéfín. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìyẹ̀fun, ẹ má sì sáré lọ sídìí èédú. Inú bí mi nígbà tí mo ka ìwé yín, kì í ṣe sí yín o. Àwọn oníbúrẹ́dì ní Láfẹ́nwá ti bi mí ní irú rẹ̀, àwọn tó ń yan gàrí náà ti bi mí, kò sì sí èyí tí wọn ò ti fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Gáàsì kan tó ń mú ayé gbóná ni mítéènì. Kò dúdú, kò sì ní òórùn. Ojú kò lè rí i. Ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù yín jẹ́ èérún igi tí kò jóná tán. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, n kò sọ pé kí ẹ máa fà á símú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ ni mítéènì. Gáàsì ìdáná inú sìlíńdà pàápàá kì í ṣe mítéènì, propane àti butane ni. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ lára rẹ̀, ṣe ni wọ́n fi sí i kí èèyàn lè mọ̀ bó bá ń jò. Mítéènì ló pọ̀ jù nínú CNG tí àwọn ọkọ̀ ti ń lò báyìí.

Báwo ló ṣe wá ń ti ìdí igi jáde? Bí igi bá gbóná, oríṣiríṣi gáàsì ló ń tú jáde lára rẹ̀, àwọn gáàsì yìí ló ń gbaná tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Mítéènì wà nínú wọn. Bí ìdí ààrò bá gbóná gan-an, tí atẹ́gùn sì ń wọlé dáadáa, á jóná dànù. Bí igi bá tutù, omi inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ ooru yẹn. Bí dúrọ́ọ̀mù bá sì jókòó lé iná lórí, kò ní rí èémí. Mítéènì á kàn bá ibẹ̀ sá lọ láìjóná. Ìyẹ̀fun wo ló fẹ́ ṣe atẹ́gùn fún yín?

Ọ̀rọ̀ èédú yìí ló ká mi lára jù, torí àwọn tó kàwé náà ń sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Ṣebí kì í rú èéfín, ó mọ́." Èédú kò rú èéfín lọ́dọ̀ yín torí pé ó ti rú èéfín tirẹ̀ tán nínú igbó. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sun èédú rí á mọ̀ ọ́n: wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọn ò ní jẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, á sì máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Iná tí wọ́n dí nímú bẹ́ẹ̀ ni mítéènì fẹ́ràn jù. Kílò igi márùn-ún sí mẹ́wàá lè lọ sórí kílò èédú kan ṣoṣo.

Kò tí ì tán. IPCC, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe ìwé ìlànà kan ní 2006 tí a fi ń ṣírò gáàsì wọ̀nyí níbi tí a kò bá ti ní ẹ̀rọ láti wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ooru tó wà nínú nǹkan bí ọgọ́ta tọ́ọ̀nù igi gbígbẹ. Bó bá jẹ́ gáàsì CNG ni ilé-iṣẹ́ fi pèsè ooru yẹn, kílò mítéènì 1 ni wọ́n kà sí i. Epo diesel, 3. Igi, 30. Èédú, 200. Èyí tó jáde níbi tí wọ́n ti sun èédú kò sí nínú 200 yẹn o. Igi tí wọ́n ń dá nínú ilé lásán, 300 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, torí ààrò ilé kì í sábà gbóná tó ti ilé-iṣẹ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ igi sí igi: 30 àti 300. Bí a ṣe dáná ló fà á.

Èédú sì ní ewu mìíràn tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ó ń tú gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní kábónì mónósáìdì jáde, òun náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ má dá èédú sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò wọ́n. Wọ́n ní igi wọ́rọ́kọ́ ní ń da iná rú, ṣùgbọ́n ní ìdí iṣẹ́ tèmi, igi tútù ló burú jù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ẹ là á sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó kúrò nílẹ̀, ẹ fi páànù bò ó lórí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kó tó oṣù mẹ́fà. Bó bá gbẹ, ẹnu rẹ̀ á sán, bí ẹ bá sì fi méjì lura wọn, á dún gangan, kò ní dún bọ̀mù. Ẹ to irin sábẹ́ igi kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí ẹ sì gbé dúrọ́ọ̀mù sókè díẹ̀. Ẹ má fi táyà tàbí ọ̀rá dáná. Àbẹ́là tí ẹ kó lórí omi, ẹ má dà á sínú iná: omi inú rẹ̀ lè mú kí iná bú sókè bá yín lójú.

Bí ẹ bá fẹ́ yí sí gáàsì ìdáná, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá wo ibẹ̀ kó sì ṣe é. Mi ò tí ì fojú rí ọgbà yín, nítorí náà ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ so páìpù.

Ní ti ìjọba: ní 2021 ni Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣèlérí pé àwọn á pawọ́ pọ̀ dín mítéènì ayé kù ní ìdá 30 nínú 100 sí ti 2020, kó tó di òpin 2030. Ìlérí náà nídìí, torí láàárín ogún ọdún, kílò mítéènì kan ń mú ayé gbóná ju kílò kan kábónì dáyọ́sáìdì, gáàsì tí a ń mí síta, lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè ni, kò rán ẹnikẹ́ni wá ta ìyẹ̀fun ní Ìtòkú. Bí ọkùnrin náà bá tún dé tó ní ìjọba ló rán òun, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kí ẹ mú un lọ béèrè lọ́dọ̀ OGEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó ìyẹ̀fun yẹn, ẹ fi ra páànù tí ẹ ó fi bo igi kí òjò tó dé.