Orúkọ wo la ó gbẹ́ sára òkúta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Abúlé wa kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti dáwó jọ láti fi mọ òpó ìrántí síwájú ọjà, fún àwọn ọmọ wa tó lọ ogun Hitler tí wọn kò padà wálé. Orúkọ mọ́kànlá la gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì wà nínú wọn. Mo wá orúkọ rẹ̀ títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò rí i. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ká yọ ẹni tí kò bá sí nínú ìwé òyìnbó kúrò. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrántí àwọn èèyàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ìdílé tú ìwé sójà àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń wá a ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Akọ̀wé ológun á bi ọmọkùnrin tó wá forúkọ sílẹ̀ pé, "Kí lorúkọ rẹ?" Òun á ní, "Òjó." "Níbo lo ti wá?" "Ògbómọ̀ṣọ́." Akọ̀wé á kọ Ojo Ogbomosho, ó parí. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ti agboolé. Ibi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wà, orúkọ ìlú ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ abúlé kékeré sì sábà máa ń dá ìlú ńlá tó wà nítòsí, torí òun ni akọ̀wé gbọ́ rí: Ìbàdàn, Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ọ̀fà. Ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ sí Àkànjí lè jẹ́ Lawani tàbí Sule nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ tó kú lógun. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi orúkọ ìdílé yín wá a. Ẹ mú Nigeria Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ìgbà náà, kí ẹ tẹ orúkọ ìlú síbi orúkọ ìdílé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: Ogbomosho, Ogbomoso, àti bí etí òyìnbó bá tún ṣe lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wo orúkọ àbísọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí nọ́ńbà ológun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA níwájú orúkọ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, torí Òjó Ògbómọ̀ṣọ́ lè ju ẹyọ kan lọ, nọ́ńbà yẹn nìkan ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá rí "Rangoon Memorial" lábẹ́ orúkọ ẹnì kan, ẹ rọra sọ ọ́ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Bọ́mà ló kú sí, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, a kò sì mọ sàréè rẹ̀. Ìpín ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, ló jà ní Arakan àti àfonífojì Kaladan, nínú igbó kìjikìji àti òjò tí kì í dá. Ọ̀pọ̀ òkú kò ṣeé gbé jáde. Àwọn òpó ìrántí Rangoon Memorial yìí wà ní itẹ́ òkú Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon tí wọ́n ń pè ní Rangoon nígbà náà, orúkọ tó wà lára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000.

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló sọ òpó ìrántí di ohun tó wà ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì káàkiri lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918. Ìjọba wọn kọ̀ láti gbé òkú sójà wálé. Ìyá tí kò rí sàréè ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ibi tí yóò dúró sí sunkún, ni wọ́n bá ri òkúta mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti oríta, wọ́n gbẹ́ orúkọ sí i. Ohun tí àwọn ìyá yín náà ń fẹ́ nìyẹn láti 1945.

Ẹ wá fi èyí han ìgbìmọ̀ yín. Ní oṣù kẹrin 2021, Commission yìí fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé, nínú àwọn tó kú nígbà ogun àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000, tó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn kò dárúkọ wọn níbi kankan tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìwé òun kò pé, ṣé a ó wá fi ìwé rẹ̀ pa orúkọ ọmọ wa rẹ́? Bákan náà, wọn kò ka ẹni tó kú lẹ́yìn 31 December 1947 mọ́ òkú ogun Hitler. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó gbé àìsàn wálé, tó kú ní 1948, kò lè sí níbẹ̀. Òkúta abúlé yín kò sí lábẹ́ òfin Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí mo máa ń béèrè fún ẹni tí kò sí nínú ìwé ni ẹlẹ́rìí méjì: ọ̀kan láti ilé rẹ̀, ọ̀kan láti agboolé mìíràn, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́tà àtijọ́ dára púpọ̀. Àmì-ẹ̀yẹ Burma Star, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní pupa fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín búlúù tó ṣú, jẹ́rìí pé ẹnì kan nínú ilé lọ ogun Bọ́mà, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ sí i lára. Ti ogun àkọ́kọ́, èyí tó rí roboto tó sì jẹ́ fàdákà, ní orúkọ àti nọ́ńbà ní etí rẹ̀. Ẹ gbé etí náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹ má fi eérú bó o, lẹ́tà rẹ̀ á lọ.

Ní ti òkúta, akọ òkúta ni kí ẹ lò, torí àwọn tó ń ta irin àlòkù kì í jẹ́ kí idẹ pẹ́ níta. Ẹ to orúkọ ní a-b-d, kí ẹ má fi ipò ológun ṣáájú. Orúkọ tí ilé ń pè é ni kí ó tóbi, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Kí orúkọ ìwé àti nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Ẹ fi àyè orúkọ mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí agbẹ́kùúta tó fi irin kàn án, kó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára òkúta. Kí ẹ pe àwọn ẹbí wá sábẹ́ igi, kí ẹnì kan kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá àgbà kan bá ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń pè é," kí ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ tún un kọ.