Èsì: Bí ìyá ṣe ń gbúròó ọmọ nígbà ogun

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ bèèrè bí ìyá tó ń gbé abúlé nígbà ogun, tí kò mọ̀wé, ṣe ń gbúròó ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú. Ìyá Àjàyí Crowther, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ni kí a wò. Lọ́dún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, ìlú wọn, tí wọ́n fi okùn so tìyá-tọmọ lọ́rùn, tí wọ́n sì pín wọn fún olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ìrìn tí ìyá yìí rìn lẹ́yìn náà kì í ṣe ti fàájì: lójú ọ̀nà ọjà ni wọ́n tún ti gbé e, kí wọ́n tó fi owó ẹyọ rà á padà.

Ẹnu àwọn tó ń ná ọjà wọ̀nyí náà ni ìròyìn ń gbà. Àjàyí, tó ti gba òmìnira tó sì ti di àlùfáà, dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Kò pé oṣù kan tí ìyá fi wá bá a, ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ìyá ń gbọ̀n, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rù, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń pè é ní kékeré pè é (ó jọ mí pé oríkì ni). Ibẹ̀ ni ọmọ ti gbọ́ ìròyìn ilé: ìyá àgbà ti kú sóko ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì wà láàyè, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn tọmọtọmọ.